Ohun Tí Agbo Ibà Ń Ṣe Nínú Ẹ̀jẹ̀, àti Ohun Tí Kì Í Ṣe

Kò sí ìlú ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìbáà ṣe Èkó tàbí Kánò, ìbáà ṣe Ìbàdàn tàbí Onitsha, tí ènìyàn yóò jáde ní òwúrọ̀ tí kò ní bá àwọn alágbo pàdé ní ìdíkọ̀. Awakọ̀ ń mu agbo ibà kí ó tó gun ọkọ̀, alábàárù ń mu ún kí ó tó gbé ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tí ń lọ sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ kì í fojú di í. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà nìkan ni agbo gbára lé: baba ẹni mu ún, ara baba ẹni yá, ó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé sí ọjà báyìí. A ti ń rọ agbo sínú ìgò tí a lẹ ìwé mọ́ lára, a sì ń kọ ọ́ sí ara ìwé náà pé antioxidant kún inú rẹ̀, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo yìí ti tó ẹ̀rí pé agbo náà ń wo ibà.

Kì í ṣe àwọn oníṣòwò nìkan ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn yunifásítì wa, láti gúúsù títí dé àríwá, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé ń kó ewé àti èèpo igi tí a fi ń wo ibà lọ sí ilé ìwádìí láti wọn agbára antioxidant tí ó wà nínú wọn. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, n kò sì fi ojú kékeré wò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé agbára tí wọ́n ń wọ̀n yìí kì í ṣe agbára tí ń pa kòkòrò ibà. Nígbà mìíràn, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Bí a bá fẹ́ gbèjà ìmọ̀ àwọn baba wa níwájú àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun ìjà tí a gbé dání.

Kí ni antioxidant? Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè lóye rẹ̀ láìsí ìwé. Bí ìyá bá bẹ iṣu tí kò sì tètè rẹ ẹ́ sínú omi, ojú iṣu náà yóò dúdú. Bí a bá gbàgbé àdá sínú ìrì, yóò dípẹtà. Epo pupa tí ó pẹ́ lójú oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà. Ohun kan náà ni ó wà nídìí gbogbo wọn: ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iná tí a kò rí ọwọ́ rẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń jó nínú ara ènìyàn pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tí ó lè wà láàyè láìlo ọ́síjìn. Ohunkóhun tí ó bá ń pa iná náà tàbí tí ó ń dín in kù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní antioxidant. N óò máa pè é ní apaná nínú àpilẹ̀kọ yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà wúwo lẹ́nu. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sí ojú èso tí a gé, kí ó má baà dúdú, apaná ni.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn agbára apaná yìí dùn ún wò, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa mọ̀ ọ́n. Ọdún 1958 ni Marsden Blois ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature. Ìyẹ̀fun kan wà tí a ń pè ní DPPH. Bí a bá yọ́ ọ sínú sípírítì, yóò di elésèé àlùkò. Bí a bá wá kán omi ewé sí i, tí apaná sì wà nínú ewé náà, àwọ̀ elésèé àlùkò yóò máa ṣá lọ títí yóò fi di àwọ̀ ìyeyè. Bí àwọ̀ náà bá ti ṣá tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára apaná náà ṣe pọ̀ tó. A ó fi wé ti vitamin C, a ó ṣe ìṣirò, a ó sì jókòó ti ìwé kíkọ. Kò gba owó púpọ̀, kò gba ọjọ́ púpọ̀, kò sì sí kòkòrò ibà kan ṣoṣo nínú ìgò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Kò sí àní-àní pé àwọn ewé wa ń yege nínú ìdánwò aláwọ̀ yìí. Dóńgóyárò yege, orúwọ yege, ewúro yege, bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo igi máńgòrò, tí apaná kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mangiferin pọ̀ nínú rẹ̀. (Dóńgóyárò tí a ń pè ní tiwa yìí, ará Íńdíà ni. Nǹkan bí ọdún 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín sí Borno, àwọn Hausa ni wọ́n sì fún un ní orúkọ tí gbogbo wa fi ń pè é. Ẹni tí ó bá rò pé ìmọ̀ àwọn oníṣègùn wa dà bí omi inú àmù tí kì í ṣàn, kí ó wo bí igi àjèjì yìí ti di ọba inú ìkòkò agbo kí ó tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.) Ṣùgbọ́n kòkó náà yege nínú ìdánwò kan náà. Obì yege, orógbó yege, ọsàn yege, tíì tí a ń mu ní òwúrọ̀ yege. Bí ó bá jẹ́ pé apaná ni ń lé ibà lọ, ibà ìbá ti di ìtàn ní gbogbo oko kòkó láti Oǹdó títí dé Kumasi.

Láti mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé kòkòrò ibà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó burú jù nínú ìdílé wọn, tí ó sì pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, ni Plasmodium falciparum. Bí ẹ̀fọn bá ti tú u sí ara ènìyàn, inú ẹ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń lọ; lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì wọ inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, ó fi í ṣe ilé. Oúnjẹ rẹ̀ nínú ilé náà ni èròjà pupa tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé ọ́síjìn kiri gbogbo ara. Bí ó bá jẹ ẹran oúnjẹ yìí tán, eegun rẹ̀ yóò kù sílẹ̀, èyíinì ni heme, èròjà onírin tí ó máa ń dá iná ọ́síjìn sílẹ̀ ní ibikíbi tí ó bá wà. Májèlé ni heme jẹ́ fún kòkòrò náà. Kí ó má baà jó o pa, ó máa ń dì í pọ̀ di òkúta wínníwínní dúdú, èyí tí àwọn dókítà ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bí wọ́n bá fi maikirosíkópù wò ó. Inú ilé tí iná ń bẹ lábẹ́ eérú rẹ̀ ni kòkòrò ibà ń gbé, kì í sì í sùn. Bí apaná bá pọ̀ nínú hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ̀ sí, ara á tù ú. Bí apaná bá tán, ilé á jó mọ́ ọn lórí.

Wàyí o, ẹ wo àwọn oògùn tí ó ti ṣẹ́gun ibà láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1820, ní Paris, Pelletier àti Caventou yọ quinine láti inú èèpo igi sinkónà, igi tí ó wá láti àwọn òkè Gúúsù Amẹ́ríkà. Chloroquine, tí ó tẹ̀ lé e ní ọ̀rúndún ogún, ni gbogbo wa mọ̀ dunjú, ìyún ara rẹ̀ sì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rántí ìgbà èwe. Iṣẹ́ chloroquine ni pé kì í jẹ́ kí kòkòrò náà rí heme dì di òkúta. Heme á wá kún inú rẹ̀, á sì jó o. Ní ọdún 1891, ní Berlin, Paul Ehrlich àti Guttmann fi aró aláwọ̀ búlúù kan, methylene blue, wo ibà lára ènìyàn méjì. Lónìí a mọ̀ pé ara iṣẹ́ aró náà ni láti ba ohun tí kòkòrò ibà fi ń tọ́jú apaná ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń fẹ́ iná ni, wọn kì í pa iná.

Èyí tí ó ṣe kedere jù nínú gbogbo wọn ni artemisinin. Ní ọdún 1967, nígbà ogun Vietnam, ìjọba Ṣáínà kó àwọn onímọ̀ jọ láti wá oògùn ibà, nítorí chloroquine ti ń ṣákìí. Ìyáàfin Tu Youyou yẹ àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ wò, ó sì bá a nínú ìwé Ge Hong, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin, pé kí a rẹ ewé qinghao sínú omi kí a sì fún omi rẹ̀ mu. Baba àtijọ́ náà kò ní kí a sè é. Tu Youyou rò ó wò pé ó lè jẹ́ pé ooru iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ó wá lo ether, tí í hó ní ìwọ̀n ooru kékeré, nígbà tí ó sì di ọdún 1971 oògùn tí ó yọ pa kòkòrò ibà run pátápátá nínú ara eku àti ọ̀bọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ní ọdún 2015, ó gba ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí a tú àṣírí artemisinin, a rí i pé átọ́mù ọ́síjìn méjì ni ó so pọ̀ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀ bí ẹtù inú ìbọn. Irin inú heme ni ó ń ṣá a. Bí irin bá ti kàn án, ó bú gbàmù, ó sì jó kòkòrò náà láti inú. Apaná pọ̀ nínú ewé qinghao gẹ́gẹ́ bí ó ti pọ̀ nínú ewé tiwa. Bí Tu Youyou bá ti kàn wọn apaná inú rẹ̀ tí ó sì kọ ìwé lé e lórí, a kì bá má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jùlọ kò ti Ṣáínà wá. Ìbàdàn ni ó ti wá. Èròjà kan wà nínú hóró ẹ̀jẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ G6PD; òun ni ó ń rí i pé apaná kò tán nínú hóró náà. Àwọn kan jogún èyí tí kò lágbára. Kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa: láàárín àwọn Yorùbá, ó lé ní ọkùnrin 20 nínú 100 tí tiwọn rí bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ ọ́n títí wọ́n fi dàgbà. Kí ló dé tí àbùkù bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí láàárín ènìyàn tí ibà ń pọ́n lójú láti ayébáyé? Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tí ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, pẹ̀lú Usanga àti Reddy, wá ọ̀nà ọgbọ́n kan láti dá ìbéèrè náà lóhùn.

Obìnrin tí ó jogún G6PD tí ó dára láti ọ̀dọ̀ òbí kan, tí ó sì jogún èyí tí kò dára láti ọ̀dọ̀ èkejì, oríṣi hóró ẹ̀jẹ̀ méjì ni yóò wà nínú ara rẹ̀: àwọn kan ní apaná tó, àwọn yòókù kò ní. Ara kan náà ni, oúnjẹ kan náà, ẹ̀fọn kan náà ni ó jẹ ẹ́. Kò sí ìdánwò tí ó tún lè ṣe déédéé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni ó tò ó kalẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ibà ń ṣe wọ́n, wọ́n sì ka kòkòrò inú hóró kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1969 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science: kòkòrò tí ó wà nínú hóró tí ó ní apaná tó fi ìlọ́po 2 títí dé ìlọ́po 80 pọ̀ ju ti inú hóró tí kò ní lọ. Kòkòrò ibà ń gbèrú níbi tí apaná wà. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, pé ní Ìbàdàn, ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn òmìnira, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa ni a fi yanjú ọ̀kan nínú àwọn àlọ́ ìṣègùn gbogbo ayé.

(Àbùkù yìí kì í ṣe èrè lásán o. Káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun lè ba hóró ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ó jogún rẹ̀ jẹ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí àìsàn náà sì gun orí ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti bá a lọ ní Nàìjíríà.)

Àwọn mìíràn ti rí ohun tí ó jọ ọ́ lára eku. Ní ọdún 1957, Godfrey fi epo ẹja cod bọ́ eku tí ó ní ibà. Epo náà kò jẹ́ kí kòkòrò gbilẹ̀, nítorí irú epo bẹ́ẹ̀ máa ń tètè gba iná ọ́síjìn. Nígbà tí ó fi vitamin E kún oúnjẹ wọn, tí vitamin E sì jẹ́ apaná ńlá, kòkòrò padà gbilẹ̀. Levander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1989, wọ́n sì rí i pé artemisinin ṣiṣẹ́ dáadáa sí i lára eku tí kò ní vitamin E lára. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ èso mọ́, eku kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo oògùn artemisinin lọ́wọ́, tí ó tún ń da ìgò agbo tí apaná kún inú rẹ̀ lé e lórí, kí ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó máa fi ọwọ́ kan dá iná, kí ó sì máa fi èkejì da omi sí i.

Ó yẹ kí n ṣe òdodo sí èkejì ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ibà bá le, tí hóró ẹ̀jẹ̀ ń bẹ́ káàkiri, iná ọ́síjìn tí ó tú jáde ń ṣe ìpalára fún aláìsàn fúnra rẹ̀: ó ń ba ojú òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì ń pọ́n kíndìnrín lójú. Nítorí náà kò burú láti rò pé apaná lè ran aláìsàn lọ́wọ́ bí oògùn gidi bá ń bá kòkòrò jà lọ́wọ́. Wọ́n ti dán an wò. Àwọn dókítà fún àwọn tí ibà líle dá wó ní ilẹ̀ Thailand ní apaná kan tí a ń pè ní N-acetylcysteine pẹ̀lú oògùn wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009: kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò gbà á. Apaná náà mọ́ tónítóní, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà á sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà, síbẹ̀ kò mú ìyàtọ̀ wá. Báwo ni apaná inú ife agbo kan yóò ṣe ṣe é, nígbà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kọjá inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀ rárá?

Ṣé agbo kò wúlò nìyẹn? N kò sọ bẹ́ẹ̀, inú sì máa ń bí mi sí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n bá ti ìlú òyìnbó dé tán tí wọ́n ń yínmú sí gbogbo ohun tí ó bá ti inú ìkòkò jáde. Ewé kan náà lè ní apaná, kí ó sì ní ohun mìíràn tí ń pa kòkòrò. Èèpo igi awọ́pa, tí àwọn kan ń pè ní dókítà igbó, ní palmatine nínú. Dóńgóyárò ní gedunin, tí ń pa kòkòrò ibà nínú àwo ìwádìí. Ohun tí ó yẹ kí a máa lépa nìyí, kì í ṣe àwọ̀ elésèé àlùkò tí ó di ìyeyè. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a sì fi lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́: kí a fún aláìsàn mu, ní ìwọ̀n tí a mọ̀, kí a sì máa ka kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ti ṣe é. Ní Ghana, Oku Ampofo, dókítà tí ó kàwé ní Edinburgh tí ó sì tún jẹ́ ògbóǹtagí agbẹ́gilére, ni olùdarí àkọ́kọ́ ilé ìwádìí ewé àti egbò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Mampong-Akuapem ní ọdún 1975. Níbẹ̀ ni àwọn dókítà àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń jókòó sí abẹ́ òrùlé kan. Egbò kan wà tí àwọn Akan ń pè ní nibima, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cryptolepis sanguinolenta. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dì í sínú àpò kéékèèké bí ti tíì, wọ́n sì fi tọ́jú àwọn tí ibà wọn kò tíì le. Nínú àbájáde tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, kòkòrò pòórá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láàárín ọjọ́ 7, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà yọ lára ẹni méjì kí oṣù tó parí. Wọ́n kọ èyí náà sílẹ̀, wọn kò fi pamọ́. Èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú nibima lágbára débi pé ó lè fi ọwọ́ kan DNA, ìwé àjogúnbá inú ara ènìyàn pàápàá, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń bù mu bí omi.

Ilẹ̀ Mali gba ọ̀nà mìíràn tí ó wù mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn ẹ̀ka ìṣègùn ìbílẹ̀ ti ìjọba ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ láti Switzerland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò kọ́kọ́ gbé ewé kankan lọ sí ilé ìwádìí. Inú ilé àwọn ará abúlé ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n bi wọ́n léèrè pé: nígbà tí ibà ṣe yín gbẹ̀yìn, kí ni ẹ lò, báwo ni ara sì ti rí lẹ́yìn náà? Oríṣi ewéko 66 ni wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi èyí tí wọ́n lò wé bí ara aláìsàn ti yá sí, ọ̀kan sì yọ láàárín wọn: Argemone mexicana, ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wá wá ìwọ̀n tí ó yẹ kí aláìsàn mu. Nígbà tí ó yá, wọ́n pín aláìsàn 301 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan mu omi ewé yìí, àwọn yòókù lo oògùn alápapọ̀ artemisinin. Nínú 100 tí ó mu ewé, 89 ni kò nílò oògùn mìíràn mọ́. Nínú 100 tí ó lo oògùn artemisinin, 95 ni. Láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò ju ọdún 5 lọ, àwọn tí ibà wọn wá le kò tó 2 nínú 100 ní apá méjèèjì. Ọdún 2010 ni a tẹ èyí jáde. Oògùn artemisinin ṣì borí, ewé náà kì í sì í lé gbogbo kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, ìyá kan lè mọ̀ ní pàtó ohun tí omi ewé náà lè ṣe fún ọmọ rẹ̀ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Kí ni àwa ní láti fi hàn ní Nàìjíríà? A kò ṣaláìní ọpọlọ, a kò sì ṣaláìní àpẹẹrẹ. NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, gba àkànṣe oògùn kan lọ́wọ́ ìdílé oníṣègùn Yorùbá kan, èyí tí a fi iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ṣe, fún àwọn tí àìsàn arunmọléegun ń bá jà láti inú oyún. Wọ́n fi ìwọ̀n sí i, wọ́n fún aláìsàn lò, wọ́n ka iye ìgbà tí ìrora dé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Niprisan ni orúkọ rẹ̀. Kí ló dé tí a kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún agbo ibà tí a ń mu jù gbogbo agbo lọ? Èsì mi ni pé ìdánwò aláwọ̀ kò wọ́n, ìdánwò lára aláìsàn ni ó wọ́n. Olùkọ́ yunifásítì tí ìgbéga rẹ̀ dúró lórí iye ìwé tí ó tẹ̀ jáde, tí ìjọba kò sì fún ní owó ìwádìí, yóò ṣe èyí tí apá rẹ̀ ká. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó mú ìwé rẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú.

Nítorí ẹ̀mí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á, ènìyàn 597,000 ni ibà pa ní gbogbo ayé, Nàìjíríà nìkan ni ó sì ni nǹkan bí 31 nínú 100 wọn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ó kú ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ibà ọmọdé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ara gbígbóná ní àná lè di gìrì ní ọ̀la. Ọjọ́ méjì tí òbí bá fi gbẹ́kẹ̀ lé apaná inú ìgò lè jẹ́ ọjọ́ méjì tí ó kù fún ọmọ náà. Láti ọdún 2005 ni oògùn alápapọ̀ artemisinin ti rọ́pò chloroquine nínú ètò ìlera orílẹ̀-èdè wa. Ní ara ọ̀pọ̀ ìgò agbo tí NAFDAC fún ní nọ́ńbà, bí ẹ bá fi ara balẹ̀, ẹ óò rí gbólóhùn kan ní lẹ́tà kéékèèké, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ẹni tí ó ṣe é ń sọ wò. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè kà á. Antioxidant ni wọ́n kọ gàdàgbà.

Ìdánwò tí mo ń sọ yìí kò nílò ilé alájà mẹ́wàá. Ó nílò alágbo kan tí ó gbà láti sọ ohun tí ó kó sínú ìkòkò rẹ̀ àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdéhùn tí ó fìdí múlẹ̀ pé a kò ní jí i lò lẹ́yìn rẹ̀. Ó nílò ilé ìwòsàn tí oògùn artemisinin kì í tán nínú rẹ̀, kí a lè fún ẹnikẹ́ni tí agbo náà kò bá ràn lọ́wọ́ láìjáfara. Àwọn àgbàlagbà tí ibà wọn kò le ni a ó sì kọ́kọ́ bẹ̀ kí wọ́n kópa, kì í ṣe ọmọdé. Lẹ́yìn náà, maikirosíkópù kan, gíláàsì pẹlẹbẹ díẹ̀, àti ẹni tí ó mọ kòkòrò ibà í dá mọ̀. A ó gún ìka aláìsàn ní ọjọ́ kìn-ín-ní, a ó tún gún un ní ọjọ́ kẹta, ní ọjọ́ keje, ní ọjọ́ kẹrìnlá, títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, a ó sì kọ iye kòkòrò tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.